Abẹ́rẹ́ Ọ̀fẹ́ Tó Wà Lókè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá kan wà nílé ìfọṣọ wa tí a sọ ní Baálé. Ó gùn, ó fẹ̀, ó sì máa ń gbóná láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tó jẹ́ ká máa pè é ní Baálé ni pé kì í dìde fún ẹnikẹ́ni, gbogbo ilé ló sì gbọ́dọ̀ máa sìn ín. Ẹni méjì ló máa ń dúró tì í. Ẹnì kan á máa fi aṣọ ibùsùn tó ṣì tutù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹnì kejì á máa gbà á lódìkejì nígbà tó bá ti gbẹ, tó ti nà. Bí ẹni tó ń gbà á bá kúrò, aṣọ á ká jọ sínú ẹ̀rọ, á jóná. Bí ẹni tó ń fi í sí i bá kúrò, ẹnì kejì á kàn dúró bí ère, ọ̀gá á sì máa wò ó bí olè. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Nílé ìfọṣọ wa, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òwe mọ́, òfin iṣẹ́ ni.

Èmi kò sí lára àwọn tó ń sin Baálé. Aránṣọ ni mí. Mo jókòó sí igun kan pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mò ń tún etí aṣọ ibùsùn tó ti ya rán, mò ń tún aṣọ fèrèsé ṣe, mo sì ń rí gbogbo wọn láti ibi tí mo wà. Wọ́n mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ kì í gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Ìyá Funfun ló ń fi aṣọ bọ Baálé lẹ́nu. Àwa la fún un lórúkọ yẹn. Bí àbàwọ́n tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ bá wà lára aṣọ, á dá a padà fún àwọn tó fọ̀ ọ́, á ní, "Ṣé orí èyí lẹ fẹ́ kí aláìsàn sùn?" Aṣọ ilé ìwòsàn ńlá la sì ń fọ̀. Ẹni tó ń gba aṣọ lọ́wọ́ Baálé lódìkejì ni ìyàwó àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ìyá Funfun fúnra rẹ̀ ló mú un wá síbi iṣẹ́, òun ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú etí aṣọ tí ọwọ́ kò fi ní jó. Ìyàwó ló ń pè é, Ìyàwó ni gbogbo wa náà bá a pè é. Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù kò tíì rìn nígbà náà. Bí Ìyàwó bá fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárín ariwo ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ tẹ orúnkún díẹ̀. Mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́ pé bí ilé bá fẹ́ jó lọ́jọ́ kan, Ìyàwó á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kó tó pariwo iná.

Ìyá Funfun ní ikọ́ fée. Ọ̀fìnkìn kan ló dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, débi pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fún un ní afẹ́fẹ́. Nígbà tó yá tán, dókítà pè é jókòó, ó ní, "Màmá, ẹ yọ nínú èyí. Ẹ má jẹ́ kí irú rẹ̀ mú yín mọ́ o. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bá ti dé, ẹ kọ́kọ́ lọ gbà á kí ẹ tó jẹun." Ìyá Funfun máa ń sín ohùn dókítà náà jẹ fún wa, ohùn imú báyìí, a ó sì rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun kò bẹ̀rù ikú tó bí òun ṣe bẹ̀rù pé kí òun ya ẹnu sílẹ̀, kí èémí má wọlé.

Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀gá Aago kéde pé nọ́ọ̀sì ń bọ̀, òun ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Aago ni alábòójútó wa, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aago ara ògiri. Ó dúró láàárín ilé, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu kí ohùn rẹ̀ lè borí ariwo.

"Ẹ gbọ́ o! Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni o! Máníjà ti sanwó ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́, kó gòkè lọ sí ọ́fíìsì."

Ọ̀kan nínú àwọn afọṣọ dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ọ̀fẹ́ ilé yìí, ó ní bó ṣe máa ń wọ́n."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì wà lódìkejì títì, òkè pátápátá sì ni àwọn máníjà wà. Ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn ròkè wà níbẹ̀, àwọn àlejò ni wọ́n sì ń ṣí i fún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú bàtà rọ́bà àti aṣọ iṣẹ́, láti ọjọ́ tí afọṣọ kan ti ro omi sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn. O gbọ́dọ̀ bọ́ra, kí o nura, kí o wọ aṣọ ilé, kí o sọdá títì, kí o gun àtẹ̀gùn. Bí o bá sì padà, kí o tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìsinmi ọ̀sán wa kò ju kí ènìyàn jẹun kó sì na ẹ̀yìn lọ. Kì í ṣe pé ẹnì kan lé wa o. Kò sẹ́ni tó lé wa. Àwọn ará ọ́fíìsì kàn ní láti dìde lórí àga ni, àwa sì ní láti rìnrìn àjò.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì dé, ọkọ̀ tó ń kó aṣọ ilé ìwòsàn wá pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó sì dé, ẹrù méjì ló kó papọ̀. Ọ̀gá Aago ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ó ń gé ìka jẹ. Ìyá Funfun kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Bí ìsinmi ṣe dé báyìí, kò jẹun, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó kọrí sí títì.

Ìsinmi ń parí lọ nígbà tó padà dé. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ kí n tó rí i. Ó gbá ara ilẹ̀kùn mú, àyà rẹ̀ ń sọ fée, fée, ó wá fa ike oògùn rẹ̀ yọ, ó fi í sẹ́nu, ó fà á.

"Ẹ ti gbà á?" Ìyàwó sáré pàdé rẹ̀.

Ó mi orí pé rárá. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó ní, "Mo débẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì ló tò sílẹ̀, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń bá ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí mo máa fi rí èémí mí tán lórí àtẹ̀gùn, ìsinmi ti lọ tán. Mo ní kí n má jẹ́ kí Baálé dúró dè mí."

"Kí ló dé tí ẹ ò ní kí wọ́n yẹ̀ fún yín?" Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, inú ti ń bí mi.

"Kí n wá máa ka ikọ́ mi fún àwọn ọmọ tí mo lè bí? Aránṣọ, fi mí sílẹ̀ jàre."

Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ padà, ó sì dúró ti Baálé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá fi kọ́tìnnì tí mo tún ṣe kọ́ sí yàrá ìpàdé lókè. Torí pé iṣẹ́ àwọn máníjà ni mo ń lọ ṣe, wọ́n ṣí ẹ̀rọ agbéniròkè fún mi. Ẹ wo ayé! Yàrá ìpàdé yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì jókòó sí. Ọmọge kan báyìí ni, ojú rẹ̀ tutù. Kò sẹ́nì kankan lórí ìlà mọ́. Ó ń ka ìwé kékeré kan, àpótí yìnyín rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́ mà. Ṣé ẹ ti gba tiyín?"

Mo ní rárá. Ó ní kí n ká apá aṣọ sókè. Mo ká a sókè. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fi òwú lé e. Èmi tí n kò ní ikọ́, tí n kò ronú kan abẹ́rẹ́ náà rí, tí n kò sì fẹ́ràn abẹ́rẹ́ láti kékeré, ni mo gbà á torí kọ́tìnnì. Mo dúró síbẹ̀, ara mi kò balẹ̀.

Mo bi í pé, "Ṣé ó ṣì kù?"

"Ó kù dáadáa. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni mò ń retí. Àbí wọn ò fẹ́ ni?"

"Wọ́n fẹ́ o. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé dókítà ló ní kó gbà á. Ọmọ mi, ṣé o ò lè bá mi sọ̀kalẹ̀ díẹ̀?"

Kò jiyàn. Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn máníjà. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin náà láti ibi tí mo ti ń so kọ́tìnnì kọ́. "Ìsàlẹ̀ kẹ̀? Omi kún ilẹ̀ níbẹ̀, ooru ń jáde lára ẹ̀rọ. Oògùn tó ń gbé inú yìnyín lẹ fẹ́ gbé wọ ibẹ̀ yẹn? Ẹ jókòó jẹ́jẹ́ síbí. Ẹni tó bá mọ iyì ara rẹ̀ á gòkè wá." Kò pariwo. Ohùn ẹni tó rò pé òun ṣe dáadáa ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Nọ́ọ̀sì padà, ó ní, "Mà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo wà níbí títí di ìgbà tí ọ́fíìsì bá pa dé. Ẹni tó bá dé, wéré ni n ó ṣe é fún un."

Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Mo lọ bá wọn nídìí Baálé, mo pariwo sí Ìyá Funfun létí pé kò sí ìlà mọ́, kó máa lọ báyìí báyìí. Ó wo òkìtì aṣọ tó wà níwájú rẹ̀, ó wo Ìyàwó lódìkejì.

"Ìyàwó, ìwọ kọ́kọ́ lọ. Ọmọ ọwọ́ ń bẹ nílé rẹ. Bí o bá dé, n ó lọ."

Ìyàwó tẹ orúnkún. "Háà, Ẹ̀gbọ́n mi! Kí n ṣáájú yín kẹ̀? Ẹ̀yin ni dókítà bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ, n ó máa mójú tó ibí."

"Ta ni yóò máa fi aṣọ sí i fún ọ? Bí mo bá gòkè yẹn báyìí, n kò ní tètè sọ̀kalẹ̀, èémí mi kò jẹ́. Orí rẹ ni Ọ̀gá Aago máa fi ìbínú rẹ̀ sí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ, o yára lẹ́sẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, bí ọkọ mi bá gbọ́ pé mo ṣáájú yín gba oògùn tó jẹ́ tiyín, kí ni mo fẹ́ sọ?"

Mo ní kí wọ́n dákẹ́, èmi máa dúró sí ipò ẹni tó bá lọ. Ọ̀gá Aago ti dé ẹ̀yìn mi. Ó ní aránṣọ kan ti jó ọwọ́ nídìí ẹ̀rọ yẹn rí, pé òun kò ní fọwọ́ sí i, pé ọkọ̀ ilé ìwòsàn máa padà wá, pé kí oníkálukú gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, pé bí ẹrù yìí bá tán, kí gbogbo wọn jọ gòkè lọ. Mo bú u. Bí mo ṣe bú u tó, ó kàn ń wo aago ni.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ o, aṣọ lẹ́yìn aṣọ. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Lọ," Ìyàwó á ní, "Ẹ lọ." Ọ̀kan ò fẹ́ fi èkejì sílẹ̀, èkejì ò fẹ́ rí àgbà fín. Mo ti rí ibi tí ìkà ti pa ènìyàn. N kò rò ó rí pé ìwà rere náà lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí aṣọ ìkẹyìn jáde, wọ́n fi ara mọ́ra, wọ́n jọ sáré bọ́ aṣọ iṣẹ́, Ìyá Funfun ti gbé ọwọ́ lé èjìká Ìyàwó. Wọ́n dé etí títì. Nọ́ọ̀sì ti jáde, ó ti gbé àpótí rẹ̀ sínú ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì ti ń lọ. Ìyá Funfun ju ọwọ́ sókè, kò lè pariwo. Ìyàwó pariwo, ṣùgbọ́n awakọ̀ náà ti gbé gíláàsì sókè.

Wọ́n ní wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ náà ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà láàárín ìlú. Òótọ́ ni. Ìgbà tí àwa bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n sì ń ṣí i, ìgbà tí a bá sinmi ni wọ́n máa ń tì í. Ìyá Funfun ní òun á gba ààyè ọjọ́ kan. Ọ̀gá Aago ní kó jẹ́ kí ẹrù rọlẹ̀. Ẹrù kò rọlẹ̀, torí àkókò òtútù ti dé, ilé ìwòsàn kún, aṣọ ibùsùn wọn náà sì pọ̀ sí i.

Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń ká aṣọ. Nígbà tó kan Ìyàwó, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ gbóná, imú rẹ̀ ń ṣàn. Èmi ni mo ní kó máa lọ sílé. Ó ní bí òun bá lọ, ta ni yóò dúró lódìkejì Ẹ̀gbọ́n òun? Ó fi ìborùn di imú, ó dúró síbẹ̀, ó ń wúkọ́ sínú aṣọ. Àwọn méjèèjì ń mu omi nínú ife kan náà.

Èmi kò ṣàìsàn rárá. Gbogbo wọn dùbúlẹ̀ káàkiri, èmi jókòó sí igun mi, mò ń ránṣọ. Àwọn kan ní ara mi le. Ara mi kò le ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Wọ́n gbé Ìyá Funfun lọ sí ilé ìwòsàn ńlá yẹn. Mo lọ wò ó. Wọ́n ti fi nǹkan bo imú àti ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó fi ìka méjì yẹ etí aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ wò. Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó yọ nǹkan ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ta ló lọ èyí? Kò nà."

Mo ní àwọn tí wọ́n fi rọ́pò yín ni. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ kò jẹ́. Ó ní kí n sọ fún Ìyàwó pé kó má sunkún, pé ọ̀fìnkìn kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wọlé, ó lé mi jáde. Ìyá Funfun kò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Máníjà wá kí àwọn ẹbí. Mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì dà bí ẹni tí kò sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ó mà ṣe o. Abẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni." Mo dìde, mo jáde síta, torí bí mo bá dúró, n ó bu ẹnu àtẹ́ lù ú níwájú òkú.

Ìgbà tí máníjà lọ ni mo tó wọlé padà. Ọkọ Ìyàwó, àbúrò olóògbé, wá bi ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo wa.

"Ẹ jọ wà níbẹ̀. Ṣé ẹ ò lè fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ díẹ̀ ni? Kí ló gùn tó bẹ́ẹ̀ nínú kí wọ́n gún ènìyàn lábẹ́rẹ́?"

Ìyàwó wolẹ̀. Ó ní, "Ó máa ń pẹ́ ni. Kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń ṣe wéré. Wọ́n á yẹ èèyàn wò, wọ́n á bi í ní ìbéèrè, á jókòó. Odindi ọjọ́ ni ì bá gbà." Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Kò gba abẹ́rẹ́ náà rí. Bí ọkàn rẹ̀ ṣe rò ó nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó ní ó dáa, bó bá jẹ́ pé ó gùn bẹ́ẹ̀, òun gbà. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ló fi rí oorun sùn.

Nígbà tí ọdún yí, máníjà fúnra rẹ̀ ló mú nọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀ wá bá wa. Nọ́ọ̀sì ọdún tó kọjá náà ni. Wọ́n gbé tábìlì kékeré kan sáàárín igun mi àti Baálé, wọ́n nu ilẹ̀, wọ́n fi àpótí yìnyín sórí àga. Kò sí ẹni tó bọ́ bàtà rọ́bà. Kò sí ẹni tó gun àtẹ̀gùn. Àwọn afọṣọ tí wọ́n sọ pé àwọn kò fẹ́ràn abẹ́rẹ́ ń nawọ́ bí ẹni tó ń gba omi mu. Kò tíì tó ìsinmi ọ̀sán tó ti kárí gbogbo ilé, ó ku Ìyàwó nìkan. Ipò Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró sí báyìí. Ọmọge tuntun kan ló ń gba aṣọ lódìkejì.

Ó ní òun kò lè fi Baálé sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó má fi í sílẹ̀. Ó rìn lọ bá a níbẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi òwú nù ún. Ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi aṣọ kan sí Baálé lẹ́nu ni.

"Ó ti parí," nọ́ọ̀sì wí.

"Kí ló parí?"

"Abẹ́rẹ́ náà. Mo ti gún un."

Ìyàwó wo apá rẹ̀. Ó wo òkè ẹ̀rọ náà. Aṣọ tó fi sí i kò tíì jáde lódìkejì.

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn?"

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn mà."

Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Aago sáré wá, ó dá ẹ̀rọ dúró fúnra rẹ̀, kò wo aago. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo gbá a mú. Kò sunkún. Ó fi ẹnu sí etí mi.

"Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ mi gbọ́ bó ṣe yá tó."

Mo ní kò ní gbọ́. Kò sì tíì gbọ́ lẹ́nu mi.